Pupa Tí Apẹja Ní Kí N Ṣe

Kékeré ni mo wà, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni, nígbà tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú okùn ọkọ̀ òkun palẹ̀ títí yóò fi rí bí irun. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé eré òṣùpá ni mo fẹ́ sọ fún yín. Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ tí ìyá mi ń ṣe ní Ìbàfò ni, ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ omi, kí wọ́n tó la títì márosẹ̀ tí ẹ̀ ń sáré lórí rẹ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń lọ sí Mòwé á fẹsẹ̀ rìn láàárín ọ̀pẹ ni, ìrì á sì ti rin aṣọ rẹ̀ dé orúnkún kó tó débẹ̀.

Irùngbọ̀n ni àwọn apẹja ń pe ohun tí à ń ṣe, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí apẹja kò bá fẹ́ fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, irùngbọ̀n yìí ni yóò so mọ́ ọrùn ìwọ̀ náà. Tó bá ti wọ inú omi, tí apẹja ń fà á díẹ̀díẹ̀, irun rẹ̀ á máa ṣí, á máa pa dé, á máa mì bíi nǹkan ẹlẹ́mìí. Ẹja á rò pé oúnjẹ ti dé, á gbé e mì. Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn àgbà wọn ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ́ a máa jẹrà, omi a sì máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Okùn ọ̀rá kì í jẹrà ní tirẹ̀. Àwa kì í ta ìwọ̀ o. Irùngbọ̀n nìkan ni tiwa.

Ọwọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti Àpápá ni à ti ń ra okùn náà. Àjákù okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ òkun mọ́lẹ̀ ni, ó funfun, ó nípọn tó apá mi nígbà náà, epo ẹ́ńjìnnì á sì ti rin ín gbindin. A ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. A ó tú u, a ó wá fi òòyà onígi yà á. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń pariwo pé irun ta kókó mọ́ yín lórí, ẹ kò tíì rí kókó. Ẹ wá ya okùn ọkọ̀ òkun kí ẹ rí i bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń bó. Tó bá yà tán, a ó gé e ní ìwọ̀n ìka àárín ìyá mi. Ìka tirẹ̀ ni o. Mo fi ìka tèmi wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan, gbogbo rẹ̀ kúrú, ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà kò kúrú ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a ó pa á láró. Aró òyìnbó ni, ó dà bí ìyẹ̀fun, inú agolo la ń kó o sí. A ó sè é pọ̀ mọ́ okùn náà lórí iná, a ó sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i dáadáa. Ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn ni àṣírí iṣẹ́ ìyá mi. Tí kò bá sí i, àwọ̀ náà á ṣàn dànù kó tó dé odò. Tó bá ti wà níbẹ̀, ọṣẹ kò lè mú un, oòrùn kò lè mú un, odò kò lè mú un. Tó bá gbẹ, a ó fi òwú di ìdí rẹ̀, a ó wá fi ìṣó tó gbóná kàn án kí ọ̀rá náà yọ́, kó dì mọ́ra. Irùngbọ̀n kan parí nìyẹn.

Ẹ fi gbogbo ìyẹn sọ́kàn, torí pé ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn tèmi nígbà náà, ilé ìwé ni. Ilé ìwé kan wà tí kò jìnnà sí wa, ilé alámọ̀ onípáànù, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ti ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ láyé ìgbà yẹn, tíṣà á ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí o fi kan etí òsì. Tí kò bá kàn án, o ò tíì tó ilé ìwé lọ. Ọwọ́ tèmi ti kan etí, ó ti kọjá etí, ó ti ń wá ọrùn. Bí ìyá mi bá ń lọ ata, màá lọ dúró níwájú rẹ̀, màá gbé ọwọ́ gba orí, màá di etí mú. Á wò mí títí, á ní, "Etí ń dùn ọ́ ni?"

Ìyá mi kì í ṣe ìkà. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó bí, oko ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bá bàbá mi lọ. Bí mo bá gba ilé ìwé lọ, ta ni yóò máa ya okùn? Nígbà tí ọ̀rọ̀ etí mi wá sú u, ó bá mi ṣe àdéhùn. Ó ní, "Tí o bá lè dá ṣe iṣẹ́ apẹja kan, láti orí fífọ̀ dé orí ìṣó, tí apẹja yẹn kò sì dá ẹyọ kan padà, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ti yá nìyẹn. Wàá lè máa ṣe é tí o bá ti ilé ìwé dé. Èmi fúnra mi ni màá mú ọ lọ bá tíṣà." Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó ní kí n dìde, pé mi ò tiẹ̀ tíì mọ bí obìnrin ṣe ń kí ènìyàn, ìwé ni mo fẹ́ lọ kà.

Ọjọ́ tí wọn yóò gba ọmọ wọlé ti ń sún mọ́ nígbà tí ìròyìn dé pé ara ìyá tó bí ìyá mi kò yá ní Ìfọ̀. Ìyá mi di ẹrù, ó lọ. Ó fi èmi àti ìyá bàbá mi sílé. Ìyá Àgbà là ń pè é. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ríran dáadáa.

Ọjọ́ kejì ni apẹja kan dé. Bàbá gíga kan ni, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń pe ènìyàn tó wà ní òdìkejì odò. Kò tiẹ̀ wọlé. Ó dúró síta, ó ní, "Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n lọ sí Ìfọ̀, bàbá."

"Ta ló wá fẹ́ ṣe irùngbọ̀n fún mi báyìí tí omi ti ń kún?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni.

"Ìwọ? Ìwọ tí o ò tíì léyín lẹ́nu?"

"Ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é, bàbá. Mi ò fi eyín ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, kí n ṣe ọgọ́rin. Ó ti ń lọ kó tó yí orí padà. "Pupa ni kí o ṣe é o! Gbogbo rẹ̀, pupa."

Ìyẹn náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ. Títí di òní, tí mo bá rántí rẹ̀, n ó kàn máa mi orí ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Nínú ilé wa, agolo aró mẹ́rin ló wà. Dúdú wà, aláwọ̀ sánmà wà, èyí tó pọ́n bí ata wà, èyí tó dà bí èso ìyeyè tó pọ́n náà wà. Ìyẹn tó dà bí ata, pupa là ń pè é. Ìkejì, ìyeyè là ń pè é. Nínú ilé wa, pupa ni pupa, ìyeyè ni ìyeyè, kò sí ìjà. Síbẹ̀, mo bi Ìyá Àgbà o, ẹ má sọ pé mi ò béèrè. Mo ní, "Ìyá Àgbà, wọ́n ní pupa ni kí n ṣe." Ó ní, "Ṣé pupa méjì ló wà láyé ni? Lọ ṣe pupa fún un, jẹ́ kí n sinmi."

Mo ṣe pupa. Gbogbo okùn tó kù nílé ni mo tú palẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin nítorí ilé ìwé. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ títí omi rẹ̀ fi wọ ibi tí òòyà ti bó mi lọ́wọ́, mo ń sunkún, mo ń fún un. Ìka àárín Ìyá Àgbà ni mo fi wọ̀n ọ́n, torí ọwọ́ rẹ̀ àti ti ìyá mi ò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ, ó sì ń kùn pé mò ń fà á ní ìka bí ẹni ń fa ilá. Nígbà tí ó pé ọgọ́rin, mo tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀. Ó pupa fòò! Ó ń dán. Kò sí ìkankan tí ìdí rẹ̀ tú, kò sí ìkankan tó gùn ju èkejì lọ. Mo gbé ọwọ́ gba orí, mo di etí mú, èmi nìkan, lẹ́yìnkùlé.

Ọjọ́ tí bàbá náà padà dé, mo kúnlẹ̀, mo gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ṣí i. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó ní, "Ta ló kú nínú rẹ̀?"

"Irùngbọ̀n yín ni, bàbá. Ẹ ní kí n ṣe pupa."

"Pupa ni mo ní! Ṣé pupa lèyí? Ẹ̀jẹ̀ lèyí!"

Ìyá Àgbà dáhùn láti inú ilé. "Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe pupa mọ́ ni?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Èmi ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tìrẹ, àwọ̀ ewé ni?"

Bàbá náà fi ọwọ́ bo ojú. Ó wá ń bá mi sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá odi sọ̀rọ̀. Ó ní òjò ti rọ̀, odò ti ru erùpẹ̀ wá, omi ti pupa. Irùngbọ̀n pupa nínú omi pupa, ẹja wo ni yóò rí i? Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kó pupa bí omi ni?" Ó ní, "Rárá! Pupa ni! Pupa!"

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí ìyá mi yọ lójú ọ̀nà, ó ń ti Ìfọ̀ bọ̀, ẹrù rẹ̀ wà lórí. Ìyá mi mọ́ lára, àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, Ìyá Pupa ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bàbá yìí rí i, ó na ìka sí i. "Òun náà rèé! Ṣé ìyá rẹ kò pupa ni? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló ń fi wẹ̀?"

Ìyá mi kò tíì sọ ẹrù. Ó ní, "Ta ló ń fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ nínú ilé mi?"

Ó sọ ẹrù, ó wo inú apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó yíjú sí bàbá náà, ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ yí padà, ó ní, "Pupa ata lẹ fẹ́ ni, àbí pupa ẹyin?"

"Ẹyin. Pupa inú ẹyin."

"Hẹn-ẹn."

Ìyeyè tiwa ni bàbá yìí ń pè ní pupa! Ẹ̀yin ọmọ mi, ìbéèrè kan ṣoṣo nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí apẹja bá ti wá, ìyá mi ló máa ń béèrè rẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń mí ló ṣe ń béèrè rẹ̀, kò mọ̀ pé òun ń béèrè. Èmi sì wà lẹ́yìn ilé tí mò ń ya okùn, mi ò gbọ́ ọ rí. Ó kọ́ mi ní ọṣẹ, ó kọ́ mi ní ọsàn wẹ́wẹ́, ó kọ́ mi ní ìṣó. Ó gbàgbé láti kọ́ mi ní ẹnu.

Èdè wa yìí náà, ó sú mi lọ́jọ́ yẹn. Epo, pupa. Ata, pupa. Ilẹ̀ títì, pupa. Ọkùnrin tó mọ́ lára, pupa. Inú ẹyin, pupa. Odò tó ru erùpẹ̀, pupa. Gbogbo wa ń gbé nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí bí ènìyàn ogún nínú yàrá kan, gbogbo wa sì rò pé ẹnìkejì mọ ibi tí a sùn sí.

A gbìyànjú láti bó àwọ̀ náà o. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. A sá a sóòrùn. A fi kẹrosíìnì pa á lára. Ó kàn ń wò wá ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe tó dára jù láyé mi nìyẹn, òun náà ló sì jà mí kulẹ̀. Ká ní mo jẹ́ ọ̀lẹ, tí mi ò fún ọsàn wẹ́wẹ́ tó, à bá ti fọ̀ ọ́ kúrò, à bá sì pa á ní aró mìíràn.

Ní àṣálẹ́, bàbá mi dá sí i. Ó ní, "Ọmọ yìí kò ṣe àṣìṣe iṣẹ́. Jẹ́ kó lọ." Ìyá mi ní, "Apẹja dá a padà àbí kò dá a padà?" Bàbá mi ní ó dá a padà. "Ẹyọ mélòó?" Èmi ni mo ní, "Gbogbo rẹ̀, mà." Mo tún ní, "Ẹ ò kọ́ mi ní ìbéèrè yẹn." Ó ní, "Ta ló kọ́ èmi?"

Inú bí mi sí i títí mo fi bímọ tèmi. Ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé kì í ṣe àdéhùn nìkan ni ìyá mi dì mú. Bàbá yẹn ṣì ń retí ọgọ́rin, pupa ẹyin, kí omi tó fà. Okùn kò sí nílé mọ́. Ó di dandan kí á wá òmíràn, kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ méjì ìyá mi kò sì lè dá a ṣe tán. Lọ́jọ́ tí tíṣà ń gba ọmọ wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń ya okùn. Mo gbọ́ agogo. Ìyá mi náà gbọ́ ọ. Òòyà rẹ̀ dúró díẹ̀, ó sì tún ń lọ. Kò wo ibi tí mo wà.

Bàbá apẹja gba ọgọ́rin tirẹ̀, kò dá ọ̀kan padà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé ẹja òbòkún kan wá fún wa. Mi ò jẹ nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà jẹ tèmi mọ́ tirẹ̀, ó ní ẹja kò mọ nǹkan kan nípa àwọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó kan àbúrò mi ọkùnrin láti lọ sílé ìwé, ẹnì kan ṣoṣo ni agbára ilé wa sì ká. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ti ga ju àwọn ọmọ tó ń jókòó ní kíláàsì kìíní lọ. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti wá mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ mi, nígbà tí ọmọ mi àgbà ti lọ́kọ. Ohun tí ẹ̀ ń kà yìí, ó gbà mí ní ọjọ́ púpọ̀ láti kọ, kí ẹ má rò pé ó rọrùn.

Ayé ti yí o. Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan wà ní Lotto lẹ́bàá Mòwé báyìí, irú iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń ṣe, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ìyá ìyá ìyá òun ṣe é rí. Irun oníke tí wọ́n fi ń dirun ló fi ń ṣe ìrù ìjẹ ẹ̀tàn fún ìwọ̀, ẹ̀rọ kan ló ń gé e, kò sí ìka àárín ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kì í pa aró, kì í fún ọsàn. Àwọn tó ń rà á kò mọ ojú rẹ̀, òun náà kò mọ tiwọn, inú fóònù ni wọ́n ti ń pàdé. Mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a tó ń di ẹrù. Ó ní, "Grandma, pupa ni customer yìí fẹ́, gbogbo ẹ̀." Mo ní, "Pupa wo? Ṣé o bi í? Ata ni àbí ẹyin?" Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Grandma, a kì í béèrè mọ́. Nọ́ńbà ló wà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ nọ́ńbà, èmi á wo nọ́ńbà, ó tán."

Nọ́ńbà! Gbogbo ìjà ọjọ́ yẹn, nọ́ńbà ni ì bá parí rẹ̀. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, inú ń bí mi sí ẹni tí mi ò mọ̀. Ọmọ náà rò pé ó rẹ̀ mí, ó bu omi fún mi. Nígbà tí mo mu ún tán ni mo wá rò ó dáadáa. Ká ní bàbá gíga yẹn tilẹ̀ mú nọ́ńbà wá lọ́jọ́ náà, tó kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà, tó fi lé mi lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní nọ́ńbà ni mò ń wá ọ̀nà àtidé.